Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ìwòsàn lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀ nílẹ̀ Òkun

Bí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní agboolé kan ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Mọ̀pà, nílẹ̀ Òkun wa, ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìpàdé ẹbí kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á béèrè ẹni tó ṣe é, wọ́n á béèrè àwọn tó ti gbọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wá bí wọ́n ṣe máa bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà di ohun tí gbogbo ìlú ń gbé kiri. Àgbà kan á rán wọn létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ wà ní yàrá kejì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun, bóyá ibì kan ń dùn ún, bóyá ó rí oorun sùn.

Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá sì jáde síta, ìjìyà ọ̀daràn ni gbogbo wa máa ń sọ, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Láti ọdún 2015 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó de ìwà ipá sí ọmọnìyàn, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní VAPP, ti wà. Ìpínlẹ̀ Kogí náà ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin àpapọ̀ yẹn là kalẹ̀ fún ẹni tó bá fipá báni lò pọ̀, ì báà jẹ́ obìnrin ló ṣe é sí, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú òfin kan náà tí ẹnu kì í sábà kàn: ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn, ìrànlọ́wọ́ láwùjọ àti ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yìí ni mo fẹ́ fẹ̀ lójú. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè sàn. Ó lè padà máa sùn, kó máa rẹ́rìn-ín, kó parí ìwé rẹ̀, kó fẹ́ ẹni tó wù ú. Bí ó ṣe máa tètè sàn sí, ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó tàbí Àbújá ni. Ìwádìí tí àjọ ìkànìyàn orílẹ̀-èdè wa ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ó tó ọ̀kan tí wọ́n ti hùwà ipá sí nípa ìbálòpọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ó tó ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá wo kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìyàrà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ká fi ìṣirò yẹn sọ́kàn, a ó mọ̀ pé àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà níwájú wa lójoojúmọ́, wọ́n ń kí wa káàárọ̀.

Ara la kọ́kọ́ ń tọ́jú, ìtọ́jú ara yìí sì ní àkókò. Wákàtí 72, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta, ni wọ́n fún oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àkókò yẹn, tí ẹni náà sì lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28 láì fo ọjọ́ kan, kòkòrò náà kì í sábà ríbi dúró. Bí ó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe dára sí. Ẹni tó dé lálẹ́ ọjọ́ kan náà sàn ju ẹni tó dé lọ́jọ́ kẹta. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Postinor ní kẹ́míìsì, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ. Nọ́ọ̀sì á tún wo ọ̀ràn àtọ̀sí àti àwọn àrùn míì tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, á wo abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú B, á sì wo abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ọgbẹ́ bá wà lára.

Ìyá tó bá kọ́kọ́ gbé omi kaná kí ọmọ rẹ̀ lè wẹ̀, ìfẹ́ ló fi ṣe é, ọmọ náà pàápàá á ti fẹ́ fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá lè mú sùúrù di ìgbà tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára púpọ̀, nítorí omi yẹn ló ń fọ ẹ̀rí lọ. Aṣọ tó wọ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, pàápàá àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì sun ún. Bó bá tutù, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ nínú ilé, lẹ́yìn náà kí wọ́n dì í sínú àpò bébà tàbí àpòòwé ńlá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí wọ́n má dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀rá ń lààgùn, aṣọ á bu, ohun tí àyẹ̀wò ì bá rí á sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wẹ̀ ńkọ́, bí wọ́n bá ti fọ aṣọ náà sá sóòrùn? Kó lọ síbẹ̀. Oògùn tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn kò bìkítà bóyá èèyàn ti wẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá tilẹ̀ ti kọjá, kó lọ síbẹ̀, nítorí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó kù ṣì pọ̀.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa ni ibi tí wọ́n máa lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Kàbà. Ní ilẹ̀ Yágbà, ilé ìwòsàn ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ni ọ̀pọ̀ ṣì ń sá lọ. Lọ́kọ́ja ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà. Láti abúlé kan ní Bùnú tàbí ní ẹ̀yìn Ejìbà, owó ọ̀kadà àti owó mọ́tò kì í ṣe kékeré, ojú ọ̀nà náà sì ti di ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti rìn lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wa pé kí wọ́n mọ ibi tí oògùn ìdènà HIV wà tó súnmọ́ wọn jù, kí wọ́n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè nígbà tí ẹni náà bá jókòó síwájú wọn. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn tó ní HIV ló sábà máa ń ní in.

Wọ́n lè dé ilé ìwòsàn tán kí ẹnìkan sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí kankan. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí. Ní ìlú kékeré tí nọ́ọ̀sì ti jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ẹnìkan, tí akọ̀wé tó ń kọ káàdì jẹ́ ọmọ ìjọ ẹnìkan, àṣírí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò kí wọ́n tó dá ara wọn lójú láti lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fo ilé ìwòsàn tó wà nílùú wọn kọjá, wọ́n á lọ sí ibi tí ojú kò ti mọ ojú. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí àkókò bá ṣì wà.

Ìbéèrè kan wà tó ń pa èèyàn lẹ́ẹ̀kejì: “Kí ló dé tí o kò kígbe?” Wọ́n ń bi í ní ìpàdé ẹbí, wọ́n ń bi í ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ó sì ń bi ara rẹ̀ lóru. Ìdáhùn rẹ̀ wà. Nígbà tí ìpayà bá le kọjá agbára, ara máa ń gan. Ohùn kò ní jáde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ràn sí olówó wọn lẹ́nu mọ́. Àwọn olùwádìí ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, bá obìnrin 298 sọ̀rọ̀ tí wọ́n wá sí ilé ìtọ́jú láàárín oṣù kan tí wọ́n fipá bá wọn lò pọ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde: 70 nínú 100 wọn ló sọ pé ara àwọn gan báyìí. Àwọn tó gan yìí sì ni ìdààmú ọkàn mú jù ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò lè kígbe, ara rẹ̀ ló ṣe ohun tí ara ń ṣe nígbà tó bá rí ikú. Mo fẹ́ kí gbogbo bàálé tó ń darí irú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀ mọ èyí kó tó la ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òru á bẹ̀rẹ̀. Àlá burúkú. Jíjí ní agogo méjì òru pẹ̀lú òógùn. Ọmọbìnrin tó máa ń dáná pẹ̀lú orin tẹ́lẹ̀ ń da omi gbígbóná sílẹ̀ nítorí pé ọkùnrin kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn ọṣẹ kan, ariwo ọ̀kadà tó dúró lójú ọ̀nà, tàbí bí ẹnìkan ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú láti bá a ṣeré, á gbé e padà sí ọjọ́ náà bí ẹni pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìbínú lè wà níbẹ̀, ìtìjú, àìlèjẹun, àìlèka ìwé. Ẹlòmíì á máa rẹ́rìn-ín jù, tí ilé á fi máa rò pé ó ti gbàgbé.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin 95 tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1992. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, 94 nínú 100 wọn ló ní irú àwọn àmì tí mo sọ yìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ku 47 nínú 100. Ohun méjì ni mo rí nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà orí ọmọ kò dàrú, kò sì “ya wèrè”. Ìdajì máa ń fúyẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Ìdajì tó kù ló máa ń nílò ju àkókò lọ, àwọn yìí náà ni a sì ń sọ fún pé “gbàgbé ẹ̀”.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá àwọn pásítọ̀, àwọn wòlíì àti àwọn ààfáà wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí obìnrin bá ń lá àlá pé ọkùnrin kan ń ká òun mọ́ lórí ibùsùn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni ọkọ ọ̀run. Wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, wọ́n á mú un lọ sórí òkè, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin á yí i ká, wọ́n á dì í mú, wọ́n á máa pariwo lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ọkùnrin dì mú lọ́jọ́ burúkú ni wọ́n tún dì mú yìí. Kí a tó pe àlá ní ti ẹ̀mí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú obìnrin kan nítòsí, bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i lójú ayé. Àdúrà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti sàn ló máa sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ ló gbé àwọn ró. Ṣùgbọ́n kí àdúrà náà má jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ líle ṣe, kó má sì gba ipò oògùn. Ẹ má sì fipá mú un pé kó dárí jì lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, tàbí kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ìdáríjì, bó bá máa wá, tirẹ̀ ni láti fún ẹni tó bá wù ú, ní ìgbà tó bá wù ú.

Kí ni ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ máa sọ, nígbà náà? Àjọ ìlera àgbáyé ti kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí èyí, ó sì rọrùn débi tí ìyá àgbà tí kò kàwé lè ṣe é. Kó fetí sílẹ̀ láì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Kó bi í ohun tó nílò báyìí. Kó jẹ́ kó mọ̀ pé òun gbà á gbọ́. Kó rí i pé ewu kò sí nítòsí rẹ̀ mọ́. Kó wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ síwájú. “Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀bi rẹ kọ́. O ṣeun tí o sọ fún mi.” Gbólóhùn mẹ́ta yìí ṣe ju ìwàásù wákàtí kan lọ. Kò yẹ kí wọ́n máa pè é jáde kó tún un sọ fún bàbá, fún ẹ̀gbọ́n bàbá, fún àǹtí tó ti Ìlọrin dé. Kí ẹnìkan ṣoṣo tó fọkàn tán gbọ́, kí ẹni yẹn sì máa bá a sọ fún àwọn tó bá gbà pé kí wọ́n gbọ́. Bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, kí wọ́n má fi tipátipá yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé kíkó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í dènà àìsàn ọkàn.

Bí ìrántí ọjọ́ náà bá ṣàdédé gbé e, tí ojú rẹ̀ wà níbòmíì, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kí wọ́n má gbá a létí, kí wọ́n má sì dà omi lé e lórí. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, kó má dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: “Ilé ìdáná wa lo wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Èmi ìyá rẹ ni mo wà níbí.” Kó ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kó mọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe tutù sí. Kó ní kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí: ìkòkò, ọmọrogùn, ògiri, ewúrẹ́ tó ń kọjá, bàtà. Kó di ife omi tútù mú. Kó mí sínú díẹ̀díẹ̀, kó mí síta pẹ́ ju bó ṣe mí sínú lọ. Láìpẹ́, ojú rẹ̀ á padà wá. Bí wọ́n bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá dá wà.

Ohun kan tí mo kórìíra láti rí ni oògùn orun tí wọ́n ń rà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kẹ́míìsì. Diazepam ni, Valium ni, Lexotan ni. “Jẹ́ kó sùn, ara rẹ̀ á balẹ̀.” Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ láti ọdún 2013 pé kí wọ́n má fún ẹni tí ìpayà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní irú oògùn yìí láàárín oṣù àkọ́kọ́. Kì í wo ìpayà náà sàn, ó sì ń di bárakú.

Ní tòótọ́, kò sí ìtọ́jú tó máa mú un bí ọ̀daràn náà bá ṣì ń gba iwájú yàrá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí ni ẹni náà mọ̀: ìbátan, aládùúgbò, olùkọ́, ọ̀gá níbi iṣẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń fara ya nígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n gba owó ìtanràn, wọ́n fi ọtí tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì máa gbé inú agboolé kan náà. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n ní kí ọ̀daràn náà fẹ́ ọmọ náà, pàápàá bí oyún bá ti wà. Wọ́n ń sọ ìwà ọ̀daràn di ìgbéyàwó, ọmọ náà á sì máa jí pẹ̀lú ẹni tó bà á lẹ́rù jù láyé títí ayé. Bí ẹbí bá fẹ́ kí ó sàn, ẹni tó ṣe é ni kó fi ilé sílẹ̀. Òfin VAPP fàyè gba kí adájọ́ pàṣẹ pé kí oníwà ipá má sún mọ́ ẹni tó ṣe é sí. Bí ìyẹn bá pẹ́, kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìbátan tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé òun ni wọ́n lé nílé.

Nísinsìnyí, ìdajì tí oṣù mẹ́ta kò wò sàn. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò pọ̀ rárá, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹni tó bá ń gbé Àyètòrò Gbẹ̀dẹ̀ lè rò pé tòun ti tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kóńgò ló fún mi ní ìrètí. Ogun ti jà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìfipábánilòpọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé dókítà Denis Mukwege, tó dá ilé ìwòsàn Panzi sílẹ̀ ní Bukavu ní ọdún 1999, gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní ọdún 2018 nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn obìnrin yìí. Ní àwọn abúlé kan níbẹ̀, àwọn olùwádìí kó obìnrin 405 jọ. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà gan-an ní ìtọ́jú ọkàn kan. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe dókítà, ìwé tí wọ́n kà kò ju ọdún mélòó kan lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n mú ìtọ́jú náà rọrùn kí ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ṣe é. Ìpàdé 12 ni, ọ̀kan ní ìdákọ́ńkọ́, 11 láàárín ẹgbẹ́ obìnrin. Àwọn obìnrin tó kù rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àti ìrànlọ́wọ́ lásán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 42 nínú 100 àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ lásán ni ìbànújẹ́ àti àníyàn ṣì dè mọ́lẹ̀. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú náà, mẹ́sàn-án péré nínú 100 ni. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní ìpàdé wọ̀nyẹn? Wọ́n ń yẹ èrò tó dì mọ́ èèyàn lọ́kàn wò. Obìnrin kan á ní, “Ẹ̀bi mi ni, ká ní n kò gba ọ̀nà oko yẹn.” Olùrànlọ́wọ́ kò ní jiyàn. Á bi í: nígbà tí o gbà á, kí lo mọ̀ nípa ọ̀nà náà? Ìgbà mélòó lo ti gbà á rí tí nǹkan kan kò ṣe ọ́? Àwọn ta ló tún máa ń gbà á? Ta ló pinnu láti ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀? Díẹ̀díẹ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ á ya ohun tó mọ̀ nígbà yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó mọ̀ báyìí, á sì gbé ẹ̀bi náà fún ẹni tó ni ín. Ìtọ́jú yìí, tí Patricia Resick ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dá lé àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò wa, àwọn olùkọ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn adarí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, gbogbo wọn ló lè kọ́ ọ bí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun tó wà lókè òkun bá san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà pé owó yẹn á ṣe ìlú láǹfààní ju gbọ̀ngàn ìlú tuntun lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti tún bu iyọ̀ sí i. Àwọn èèyàn wa ń padà láti inú igbó lẹ́yìn tí ẹbí ti ta ilẹ̀ àti káṣú láti san owó ìtúsílẹ̀. Ìjọ á ṣe ìdúpẹ́, gbogbo ìlú á jó. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí ojú obìnrin rí níbẹ̀, ojú ọkùnrin náà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wádìí lójú agbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó bá dé láti inú igbó kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn kọjá, bí ó ti wù kí ọjọ́ tó lò pọ̀ tó, kí dókítà sì bá a sọ̀rọ̀ ní yàrá tí ẹbí kò sí.

Àwọn ọmọdé kì í sọ ọ́ bí àgbà. Ọmọ tó ti ń dá tọ̀ ní ilé ìtọ̀ tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ó ń kọ̀ láti lọ sí ilé ẹnìkan tó máa ń fẹ́ lọ rí. Ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré tí kò yẹ ọmọ. Ẹ má nà án. Ẹ bi í pẹ̀lẹ́, ẹ má dárúkọ ẹni fún un, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Ọmọkùnrin pàápàá: “Ṣé o kì í ṣe ọkùnrin ni?” ti mú ọ̀pọ̀ wọn di àgbà tí kò lè sùn. Fún ọkọ tí wọ́n fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀, ohun tó lè ṣe jù ni kó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ní àṣẹ lórí ara rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ á fi padà fẹ́ ẹ.

Bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tó ń pín nǹkan ìní rẹ̀ fún èèyàn, ẹ má fi sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn igbó kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹjọ́ bá sì délé ẹjọ́, kí ẹbí mọ̀ pé àwọn àmì tó ti lọ lè padà ní ọ̀sẹ̀ ìgbẹ́jọ́: àlá, àìlèjẹun, ìbínú. Kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ti bàjẹ́. Agbẹjọ́rò lè bẹ adájọ́ pé kí wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀ ní yàrá tí èrò kò sí. Kí ẹnìkan tó fọkàn tán bá a lọ, kí ẹni yẹn mú omi àti oúnjẹ dání, kí wọ́n wá ọkọ̀ tí kò ní kó àwọn àti ẹbí ọ̀daràn pọ̀. Kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n pe akọ̀wé kóòtù láti mọ̀ bóyá adájọ́ ń jókòó lọ́jọ́ náà, kó má baà jẹ́ pé wọ́n á ti Ìsánlú dé Kàbà pẹ̀lú ọkàn tó ti múra tán, kí wọ́n tó sọ fún wọn pé oṣù tó ń bọ̀ ni.